Orí Tí Mo Mì Kí Aago Méjìlá Tó Lù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ilẹ̀, kó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí orúnkún ń dùn bíi tèmi, kó gbé àga wá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí sí ìyá àgbà tó máa ń rẹ́rìn-ín, tí kì í lè pa ẹnu mọ́, tó jẹ́ pé bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá sín lásán, ó máa sọ fún gbogbo ìjọ pé ẹ wá gbọ́ bó ṣe sín dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹta tó kọjá, tí ẹ bá rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Nǹkan kan wà tí mò ń gbé kiri. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Smyrna níbí, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ń bá mi gé èékánná ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í sọ ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀ létí mi mọ́. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, inú mọ́tò ló máa ń lọ láti gbé e, kódà nígbà òtútù. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí lára, kí ọmọ tí ẹ fẹ̀yìn pọ̀n máa sá jáde nínú ilé ara rẹ̀ nítorí etí yín? Nítorí ẹnu yín, ni kí n kúkú sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáadáa. Mọ́rẹ́nikẹ́ mọ ìṣirò láti kékeré, iṣẹ́ ìṣirò náà ló sì ń ṣe fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú Atlanta yìí. Bọ́ọ̀lù tiwọn ni mò ń wí o, èyí tí wọ́n ń gbé sáyà sá eré, tí wọ́n ń kọlu ara wọn bí àgbò. Yàrá kan wà tí àwọn mẹ́rin ti ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ṣírò owó àwọn tó ń gbá a. Òun ló kéré jù nínú wọn. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn: òun ló kéré jù. Wọ́n á ní kó ṣírò tibí, kó ṣírò tọ̀hún, á ṣírò ẹ̀, á gbé e fún ọ̀gá. Kò ní ẹnu nínú ẹni tó máa dúró tàbí ẹni tó máa lọ.

Èmi tí mi ò kọjá ìwé kẹrin, báwo ni mo ṣe mọ̀ nípa iṣẹ́ wọn? Lọ́jọ́ kan, èmi àti ẹ̀ ń to ọbẹ̀ sínú fírísà, fírísà funfun gbọọrọ tó wà nínú kọ́rídọ̀ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo bi í pé ẹgbẹ́ tó lówó tó báyìí, kí ni wọ́n tún ń ṣírò, ṣé kí wọ́n má kàn sanwó fún ọmọ ọlọ́mọ ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe pé owó ò sí. Àwọn tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù náà ló fún gbogbo ẹgbẹ́ ní fírísà tó dọ́gba. Bó ti wù kẹ́ ẹ lówó tó, ohun tẹ́ ẹ bá kó síbẹ̀ lọ́dún kan, ìdérí gbọ́dọ̀ pa dé. Káàpù là ń pè é."

Mo ní, "Tí agbábọ́ọ̀lù kan bá wá tóbi ju àyè tó kù lọ ńkọ́?"

"A lè fún un ní owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, kó kó o lọ sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, a máa gé e wẹ́wẹ́. A ó fi díẹ̀ sí fírísà ọdún yìí, díẹ̀ sí ti ọdún tó ń bọ̀, díẹ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àyè á wá ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíì lónìí."

"Tó bá wá lọ kí àwọn ọdún yẹn tó pé?"

"Gbogbo èyí tó kù á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, Màmá. Á máa gba àyè, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ín ti lọ."

Mo gbé ṣíbí dúró. "Ẹran tí a ti jẹ? Tó ṣì ń gba àyè nínú fírísà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o."

"Orí yín ti yí níbẹ̀ yẹn!" A rẹ́rìn-ín títí tí mo fi ní láti di ẹ̀rọ ìfọṣọ mú. Ó tún ṣàlàyé fún mi pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ronú kí wọ́n tó lé èèyàn. Wọ́n á wò ó bóyá owó tí wọn ò tíì san fún un lọ́dún yẹn pọ̀ ju àṣẹ́kù tó máa ya wọlé lọ. Tó bá pọ̀ jù ú lọ, wọ́n á fara mọ́ àṣẹ́kù, wọ́n á ní kó máa lọ. Tàbí kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó gba owó tó kéré lọ́dún yẹn, kó lè dúró. Ó wá fọwọ́ kàn mí lẹ́nu, ó ní, "Màmá, ilé yìí ni ọ̀rọ̀ yìí ń sùn o." Mo ní kí ló dé, ṣé èmi ló ń bá sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn jù. Ayọ̀ yẹn gan-an ló bà mí jẹ́. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, wọ́n ní kí oníkálukú dúpẹ́. Èmi náà dìde. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sọ iye owó ẹnikẹ́ni, mo kàn ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́, òun ló ń pín owó àwọn agbábọ́ọ̀lù Atlanta. Bó bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n dúró. Bó bá ní kí wọ́n lọ, wọ́n lọ." Níbo ni mo ti rí i? Ẹnu mi náà ló hun ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sọ mí ní Màmá Bọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ náà, àga iwájú di tèmi. Àwọn tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ń bá mi gbé báàgì dé ẹnu mọ́tò. Ó dùn mọ́ mi o, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ìyá Dàmọ́lá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Forest Park, ó sì jù mí lọ nínú ìwà bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo tó bí i lọ́mọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní, Dàmọ́lá, ẹgbẹ́ tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ń bá ṣiṣẹ́ yẹn náà ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Ọmọ ńlá bí ẹnu ọ̀nà, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí mi nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ọmọ òyìnbó á máa wò ó. Orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí ọdún ń parí lọ, dókítà sì tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé, Mọ́rẹ́nikẹ́ wà níbi iṣẹ́. Ó ní àwọn èèyàn ń sọ ọ́ kiri pé owó Dàmọ́lá pọ̀ jù fún ẹni tí orúnkún ń dùn, pé wọ́n lè ní kó máa lọ. Ó ní, "Màmá, ṣé òótọ́ ni?"

Kí ló yẹ kí n sọ? "Mi ò mọ̀." Gbólóhùn yẹn ò tóbi. Ọmọdé lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Màmá Bọ́ọ̀lù ò mọ̀ ọ́n sọ. Mo fà á mọ́ra, mo ní, "Ṣé mo wà láyé kí wọ́n lé Dàmọ́lá? Fi ọkàn balẹ̀. Màá bá Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ ọ́." Mo tún wá fi iyọ̀ sí i, èyí tó burú jù. Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá bi í fúnra yín, ó máa ní òun ò mọ nǹkan kan, òun ò lágbára kankan. Ẹ má dá a lóhùn. Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn, wọn kì í jẹ́wọ́." Mo fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ òtítọ́ kí òtítọ́ tó dé.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé odidi ewúrẹ́ kan wá, tí wọ́n ti sun, tí wọ́n ti gé. Ó ní ọpẹ́ òun ni. Mo gbà á. Mo tò ó sínú abọ́ oníke, mo sì tì í sínú fírísà. Mo sọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́ pé wọ́n pín ewúrẹ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ní ti ọ̀rọ̀ Dàmọ́lá, ṣé mo bá Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ ọ́? Mi ò sọ ọ́. Mo mọ̀ pé kò ní nǹkan tó lè ṣe sí i. Mo kàn ń gbàdúrà kí orúnkún ọmọ náà tètè sàn, kí n lè gba ọpẹ́ rẹ̀.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta. Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. A gbọ́ agogo ẹnu ọ̀nà. Ìyá Dàmọ́lá ni, òun pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Uncle Káyọ̀dé tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní McDonough, àti Bàbá Alàgbà ìjọ wa. Mo ti mọ ohun tó gbé wọn wá kí wọ́n tó jókòó. Èèyàn kì í mú Alàgbà dání láti wá kí èèyàn lásán. Uncle Káyọ̀dé, aláwàdà èèyàn, ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú ikùn rẹ̀ yẹn. "Aunty wa kékeré, ẹ wo bí mo ṣe na ara mi sílẹ̀. Tí mi ò bá lè dìde mọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa san owó dókítà o." Ìyá Dàmọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ sáré kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde, ó ń fà wọ́n lápá.

Bàbá Alàgbà ló ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ ti pe Dàmọ́lá. Wọ́n ní kó gba ìdajì owó rẹ̀ lọ́dún yìí, kó lè dúró, kí wọ́n sì rí àyè mú ẹlòmíì. Tí kò bá gbà, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ejẹ́ńtì rẹ̀, òyìnbó tó ń bá a dúnàádúrà owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, ní kó gbà á kíákíá. Aago méjìlá òru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. "Ṣùgbọ́n a ò tíì jẹ́ kó gbà á," ni Bàbá wí, "torí a mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ wà nínú ilé yìí."

Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá, wọ́n lè lé mi. Mi ò sì ní agbára kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò ni mò ń ṣe."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Uncle Káyọ̀dé ní, "A ti mọ̀, Aunty. A mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa wí."

"Ẹ pe ejẹ́ńtì. Ohun tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ ṣe é. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"A ti mọ̀, a ti mọ̀. Ẹ ṣàánú wa ṣáá ni."

Bó ṣe ń sẹ́ ni wọ́n ń gbà á gbọ́. Tó bá dákẹ́, wọ́n á rò pé ẹ̀bẹ̀ ò tíì tó, wọ́n á tún bẹ̀. Èmi dà? Mo jókòó sórí àga mi, mo fi ìborùn bo itan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "Mo purọ́ o." Ì bá ti parí. Aago mẹ́jọ lù, mẹ́sàn-án lù, mẹ́wàá lù. Mọ́rẹ́nikẹ́ bi wọ́n pé, "Ta ló sọ fún yín pé mo lè ṣe é?" Ìyá Dàmọ́lá wo ilẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa o. A kàn gbọ́ ni." Ó ń bò mí láṣìírí nítorí pé mo dàgbà. Ẹ gbọ́ o, ẹni tí mò ń pa lára ló ń bò mí láṣìírí!

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago méjìlá lù, Mọ́rẹ́nikẹ́ wà nínú ilé ìdáná, ó ń po tíì fún wọn. Fóònù Ìyá Dàmọ́lá dún. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà, Yorùbá rẹ̀ tó rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́: "Mummy, ejẹ́ńtì wà lórí line. Ó ní last chance. Ṣé kí n sọ yes?" Ìyá rẹ̀ gbé fóònù kúrò létí. Kò wo Alàgbà. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ló wò.

Mo mi orí. Mo mi orí pé rárá, kó má gbà á, kó fọkàn balẹ̀.

Ẹ má bi mí ìdí. Mo ti bi ara mi títí. Alàgbà ń wò mí, Uncle Káyọ̀dé ń wò mí, àga iwájú yẹn ń wò mí. Mo rò pé tí mo bá sọ òtítọ́ báyìí, ojú máa tì mí. Ẹ wo ohun tí mo sá fún, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí mo jókòó sí lónìí.

Ìyá Dàmọ́lá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Sọ fún un pé rárá." Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé tíì dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fèsì. Uncle Káyọ̀dé ní, "A ní rárá, Aunty, a ti fi yín ṣe agbára." Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé tíì náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí, ó fi ọwọ́ lérí. Aago méjìlá lù.

Wọn ì bá lọ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo fóònù tó wà nínú ilé ké lẹ́ẹ̀kan náà pé ìjì líle ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má jáde, ká kúrò níbi fèrèsé. Ibi kan ṣoṣo tí kò ní fèrèsé nílé wa ni kọ́rídọ̀ yẹn. Gbogbo wa fún mọ́ra síbẹ̀, èèyàn márùn-ún, a fẹ̀yìn ti fírísà. Iná lọ. Atẹ́gùn ń fa òrùlé. Uncle Káyọ̀dé fẹ́ ṣàwàdà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nínú òkùnkùn, mò ń gbọ́ tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ń sunkún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bó ṣe máa ń sunkún nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ìyá Dàmọ́lá sì ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó ń sọ pé, "Má bẹ̀rù, ọmọ mi, ìjì náà máa kọjá." Ó rò pé ìjì ló ń bà á lẹ́rù.

Ibẹ̀ ni ara mi ò ti gbà á mọ́. Mo ní, "Èmi ni." Wọ́n ní kí ni? Mo ní, "Èmi ni mo purọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ ò lágbára kankan. Mi ò bá a sọ nǹkan kan rí. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má gbà á gbọ́. Orí tí mo mì yẹn, mo mì í lórí irọ́." Mo gbìyànjú láti kúnlẹ̀, àyè ò sí, orúnkún mi kan ẹsẹ̀ Alàgbà. Uncle Káyọ̀dé bèèrè pé, "Aago mélòó ló lù?" Ó ti kọjá mẹ́ta.

Wọ́n gbìyànjú láti pe ejẹ́ńtì náà. Ó gbé e, ó ní ó ti parí, pé ẹgbẹ́ ti fi àyè yẹn mú ẹlòmíì. Oṣù mẹ́rin ni Dàmọ́lá fi wà nílé láìrí ẹgbẹ́ kankan. Ní báyìí, ó wà ní ìlú òtútù kan tó jìnnà, owó tó ń gbà kò tó ìdajì ìdajì yẹn. Mọ́rẹ́nikẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ẹbí agbábọ́ọ̀lù kan wá sílé òun. Wọn ò lé e, ṣùgbọ́n wọ́n mú un kúrò nínú yàrá yẹn, ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló wà. Dàmọ́lá ò mọ̀ títí di òní pé èmi ni mo mi orí. Ìyá rẹ̀ ò sọ fún un. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n wọ bàálù lọ síbẹ̀, kí n lọ kúnlẹ̀ fún un, àbí ìyẹn náà á tún jẹ́ pé mo fẹ́ kí wọ́n wò mí? Tí ẹ bá sì ní ọmọ tó ń ṣe dáadáa, ẹ yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi agbára tí kò ní wọ̀ ọ́ láṣọ, torí lọ́jọ́ kan ẹnìkan máa wá kúnlẹ̀ níwájú aṣọ yẹn.

Ní ti òru ìjì yẹn, ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ni òjò dá. Wọ́n wọ bàtà wọn. Bàbá Alàgbà gbàdúrà kúkurú, kò dárúkọ mi. Mo sáré lọ ṣí fírísà, mo kó abọ́ ewúrẹ́ tó kù jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, abọ́ mẹ́ta péré ló kù. A ti jẹ ìyókù. Mo kó wọn tẹ̀ lé Ìyá Dàmọ́lá dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kó jọ̀ọ́, kó gba nǹkan rẹ̀. Ó wo abọ́ náà, ó wo ojú mi. Ó ṣì kúnlẹ̀ kí mi, lórí sìmẹ́ǹtì tó tutù yẹn. Ó ní, "Ẹ dá a padà síbẹ̀, Màmá. Mo ti fún yín." Uncle Káyọ̀dé ṣáná mọ́tò, kò wẹ̀yìn. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà pọ́n díẹ̀ níbi ìyànà, ó sì lọ. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹran náà títí ọwọ́ mi fi kú. Lẹ́yìn mi, nínú kọ́rídọ̀, mo gbọ́ tí Mọ́rẹ́nikẹ́ pa ìdérí fírísà dé.